Ìwé Ìsàmì: Bí Àwọn Ará Írẹ́lándì Ṣe Ń Wá Orírun Wọn

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Irú àṣà yìí wà ní Írẹ́lándì: láyé àtijọ́, orúkọ baba baba ni wọ́n sábà máa ń fún àkọ́bí ọkùnrin, tí wọ́n á sì fún èkejì ní orúkọ baba ìyá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàn ńlá mú, láti 1845 títí dé 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ó kú, àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan sì wọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Ọ̀pọ̀ àrọ́mọdọ́mọ wọn ní Amẹ́ríkà kò gbọ́ ju orúkọ ilẹ̀ náà lọ lẹ́nu àgbà. Abúlé wo ni? Ọmọ ta ni wọ́n?

Ìwé ìjọba kò lè dá wọn lóhùn. Ọdún 1864 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ gbogbo ìbí àti ikú sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1922, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, iná jó ilé ìpamọ́ ìwé ní Dublin. Ìwé ìkànìyàn láti 1821 dé 1851 fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná tán, ó sì ju ìdajì ìwé ìjọ Áńgílíkà tí ó bá a lọ.

Ìwé ìjọ Àgùdà ni ó yọ, nítorí ọwọ́ àwọn fadà ní ìjọ kọ̀ọ̀kan ni ó wà. Nínú rẹ̀ ni a ti ń rí ọjọ́ ìsàmì, orúkọ ọmọ, ti baba, ti ìyá pẹ̀lú orúkọ ilé tí wọ́n ti bí i, àti ti àwọn tí ó dúró fún ọmọ náà. Ẹ má fojú kéré àwọn wọ̀nyí: ìbátan òbí ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Èdè Látìnì ni a fi kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà Jacobus ni James, Brigida sì ni Bridget. Láti 2015 ni Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè wọn ti gbé àwòrán ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá mọ orúkọ ìjọ ìdílé rẹ̀ yóò wá a títí.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àwọn fadà ti gúnlẹ̀ sí Ouidah láti 1861. Bí ìwé ìsàmì àtijọ́ bá wà ní ìjọ yín, ẹ má jẹ́ kí ikán ṣe é bí iná ti ṣe ti Dublin. Ẹ sì bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀.