Ìbọn ìléwọ́ wo ló yẹ kí ará Yábà rà kún èyí tó ní? Òfin ti dáhùn tipẹ́

Yàtọ̀ sí ọjà Tẹ́júoṣó àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yabatech, ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ará Èkó fi ń dá Yábà mọ̀ ni Pántì, níbi tí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn ní ìpínlẹ̀ Èkó wà. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìníwèé, ìbáà jẹ́ ní Múṣin tàbí ní Súrùlérè, kò ní pẹ́ kó tó fojú ba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn adigunjalè nìkan ni òfin ìbọn ń bá wí. Ó ń bá ọmọlúàbí tó kàn fẹ́ràn ìbọn wí pẹ̀lú, ẹni tó ń kó ìbọn jọ bí ẹlòmíràn ṣe ń kó aago tàbí owó ayé àtijọ́ jọ.

Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tó máa ń gbà wọ́n lọ́kàn ni èwo ni kí àwọn tún rà. Ṣé Colt 1911 ni, ìbọn ìléwọ́ tí ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gbà wọlé ní ọdún 1911? Ṣé Webley ni, èyí tí ibi ìkọ́ta rẹ̀ máa ń yí bírí, tí àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì ń fi há ìbàdí nígbà ìjọba amúnisìn? Àbí Browning Hi-Power tó jáde ní orílẹ̀-èdè Belgium ní ọdún 1935, tí ilé ọta rẹ̀ ń gba ọta 13? Wọn yóò wo ọdún tí wọ́n rọ ọ́, ẹni tó ti lò ó rí, àti bóyá nǹkan kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn tiẹ̀ ní ìwé-àṣẹ ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ń kó ìbọn tó ti lé ní 50 ọdún jọ. Ní ti èyí tí wọ́n bá ti ṣe ní ọdún 1898 tàbí ṣáájú ìgbà náà, òfin yìí kì í kà á sí ìbọn mọ́.

Browning yìí kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ DICON ní Kàdúná, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1964 láti máa ṣe ohun ìjà, ti ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní NP1. Àwọn ológun àti agbófinró ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan ní Sábó tàbí ní òpópónà Herbert Macaulay tí aráàlú ti lè lọ nájà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mú un pé ọmọ Yábà kan ti gbé ní Houston fún ogún ọdún. Ó ní ìbọn ìléwọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló sì níwèé níbẹ̀. Ó fẹ́ ra ìkẹrin, ó sì ń rò ó pé bí òun bá padà wálé, òun yóò kó gbogbo rẹ̀ dání, òun yóò fi sínú àpótí onírin ní yàrá òun, nítorí àwọn olè. Èwo ló yẹ kó rà?

Òfin ìbọn tí Nàìjíríà ń lò, tó ti wà láti ọdún 1959, kò ní bi í léèrè bóyá ó lówó tàbí bóyá ìwà rẹ̀ dára kó tó dá a lóhùn. Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin náà pín ìbọn sí. Ìpín kìíní ni àwọn tí a kà léèwọ̀: àgbá ogun, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, àti ìbọn àwọn ológun tí ìwọ̀n ọta wọn jẹ́ 7.62mm tàbí 9mm. Inú ìpín yìí kan náà ni gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà, èyí tó ń yí àti èyí tí kì í yí. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún èèyàn níwèé-àṣẹ fún ọ̀kan nínú wọn, bó bá sì ti wu Ààrẹ ni.

Ìpín kejì ni ti ìbọn aládàáni: ìbọn ọdẹ olójú kan tàbí olójú méjì tí a ń fọwọ́ kó ọta sí, ìbọn ìdárayá tí ìwọ̀n ọta rẹ̀ kò sí lára ti ológun, àti ìbọn tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ yin ọta. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ló ń fúnni níwèé ti ìwọ̀nyí. Ìpín kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí àwọn ọdẹ wa ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu.

Ohun tó máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu wà nínú ìpín kìíní yẹn. Òfin dárúkọ ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ tó ń fi òkúta ṣáná síbẹ̀, ó sì dárúkọ èyí tó ń lo kápù pẹ̀lú. Ìyẹn ni pé bí ọdẹ bá gbé ṣakabùlà gígùn, ó lè níwèé rẹ̀ láì dé Àbújá. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bá ìbọn ìléwọ́ kékeré tí ojú ayé ti gbàgbé nínú àpótí bàbá-bàbá rẹ̀, èyí tó ti dípẹtà, tí kò sì sí ẹ̀tù tó lè bá a mu mọ́, ọ̀kan náà ni òun àti ẹni tó ra Beretta tuntun lójú òfin. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń fi yẹ ìbọn sí ní Amẹ́ríkà kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbí.

Àwọn àgbà ti rí èyí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bí ìbọn lápátí, bí kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹni tí wọ́n na ìbọn sí ní afárá Èkó lóru kò ráyè wò ó bóyá ó ti dípẹtà. Yóò kó owó àti fóònù rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Bí a bá wá ka ìwé òfin náà dáadáa, ohun ìjà kan ṣoṣo tó jọ ìbọn ìléwọ́ ló wà ní ìpín kejì. Òun ni ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn. Òun náà sì gba ìwé-àṣẹ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Òfin ní kí wọ́n má ṣe fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 níwèé, tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Òfin tó de ìdigunjalè dárúkọ ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn mọ́ àdá àti ọ̀bẹ gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà olóró. Ẹni tó bá fi jalè, ikú ni ìjìyà rẹ̀.

Ní ti ìbọn ìpín kìíní, ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó ní in láìníwèé Ààrẹ, ẹ̀wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 10 ló ń dúró dè é. Ìwé-àṣẹ Amẹ́ríkà tí ọmọ Yábà yẹn kó bọ̀ kò lè gbà á sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Mùrítàlá Muhammed. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wa kò mọ ohun tó ń jẹ́ àkójọ ìbọn. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀, ẹni tí ìwé bá sì wà lórúkọ rẹ̀ nìkan ni ìwé náà wà fún.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ìbọn ìléwọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé aládàáni lè ní ìbọn pump-action, nítorí pé ó jọ ìbọn ọdẹ. Àṣìṣe ni. Òfin yọ ìbọn ọdẹ tó bá ní ẹ̀rọ tó ń kó ọta sí i kúrò nínú ìpín kejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn aṣọ́bodè fi gbẹ́sẹ̀ lé 661 irú rẹ̀ ní ọ̀nà Mile 2 sí Àpápá ní January 2017. Ní February 2018, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà, Ibrahim Idris, pàṣẹ kí wọ́n gba gbogbo ìbọn tí òfin kà léèwọ̀ lọ́wọ́ aráàlú. Ní ọdún 2019, ìròyìn tún gbà gbogbo ilẹ̀ pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí àṣẹ tó fagi lé àwọn ìwé-àṣẹ ìbọn bẹ̀rẹ̀ láti June 1 ọdún náà. Nítorí náà, ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìwé tí bàbá rẹ̀ gbà ní ọdún 1985 ń fi ara rẹ̀ wéwu.

Ó ní ibi tí líle yìí ti wá. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní January 1970, ìbọn pọ̀ nígboro ju iṣẹ́ lọ, àwọn adigunjalè sì gbòde. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba ológun gbé òfin ìdigunjalè jáde. Ní September 8, ọdún 1971, wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi, olórí adigunjalè tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo Èkó, ní etíkun Bar Beach lójú ọ̀pọ̀ èrò.

Àwọn kan yóò ní: ṣebí àwọn olè kò gbàwé kí wọ́n tó gbé ìbọn, kí ló dé tí ẹni rere yóò wà lọ́wọ́ òfo? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹni tí wọ́n bá já wọlé rẹ̀ lóru, tó pe ọlọ́pàá títí tí kò rí ẹnìkan, kò ní fẹ́ gbọ́ ìwàásù. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ilé ṣe rí ní Yábà. Ojúlé ń wo ojúlé, ògiri kan ló wà láàárín ìdílé méjì, àwọn ọmọ sì ń wọ yàrá ara wọn. Ọta tó bá tàsé olè, ta ni yóò bà? Bákan náà, ìbọn tí aládùúgbò bá ti mọ̀ pé ó wà nínú ilé ti di ọjà tí olè ń wá, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè rà á wọ́ọ́rọ́.

Ìwé-àṣẹ nìkan kò sì tó fún ààbò. Ní March 13, ọdún 1996, ọkùnrin kan wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Dunblane, ní Skọ́tíláńdì, ó yìnbọn pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Ìbọn ìléwọ́ mẹ́rin ló kó lọ, ìjọba ló sì fún un níwèé wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bìrìtìkó ṣòfin tó gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ aráàlú. Ó lé ní 160,000 tí àwọn tó ni wọ́n kó sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi rí. Ìjọba sanwó gbà-má-bínú fún wọn.

Ẹni tó bá bá ìbọn nínú ẹrù bàbá rẹ̀, kó má ṣe tà á, kó má sì gbé e sínú báàgì kó máa bá a kiri Sábó. Kó wá agbẹjọ́rò, kí agbẹjọ́rò sì fi tó ọlọ́pàá létí kí wọ́n wá gbé e. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tí ìbọn lè ṣe, kó wọkọ̀ lọ sí ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Oníkan. Ọkọ̀ Mercedes tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa á, February 13, ọdún 1976, wà níbẹ̀, ojú ọta sì wà lára rẹ̀ di òní.

Ọmọ Yábà tó wà ní Houston lè ra ìkẹrin bó bá wù ú, Colt ni o, Browning ni o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ń bọ̀ wálé, kó fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ níbẹ̀.