Jíìpù Olówó Ńlá Tí Kò Ní Wáráńtì: Ká Tún Un Ṣe, Àbí Ká Tà Á?

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń gbé wá bá mi lemọ́lemọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Ìjàn, ní Adó-Èkìtì: "Ọ̀gá, ṣé kí n tún náwó sórí jíìpù yìí ni, àbí kí n tà á kí n sinmi?" Olùkọ́ yunifásítì ń bi mí, oníṣòwò Ọjà Ọba ń bi mí, pásítọ̀ àti olóṣèlú náà ń bi mí. Rìwáyà ni mí, wáyà àti ọpọlọ ọkọ̀ ni mò ń tọ́jú. Ọkọ̀ tó ti gba ọwọ́ mẹkáníìkì mẹ́ta mẹ́rin kọjá ni wọ́n sábà máa ń wọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi kì í sáré dáhùn. Mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn pé owó tó ti lọ ti lọ, kò sí ohun tó kàn án mọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ohun tí ọkọ̀ náà máa béèrè láti òní lọ, àti iṣẹ́ tó máa jẹ́ fún olówó rẹ̀, ni ká gbé sórí ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìyá kan ṣàlàyé. Mọ̀míì Ìlawẹ̀ ni mò ń pè wọ́n, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ wọn tó wà ní Houston ló fi jíìpù náà ránṣẹ́. Ọdún 2008 ni wọ́n ṣe é, awọ ni gbogbo ìjókòó rẹ̀, rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló sì gbé e dúró dípò sípíríǹgì. Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ á ti wólẹ̀. Iná ẹńjìnì kì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Gíà ń já nígbà tó bá wù ú. Wọ́n ti pààrọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tuntun náà tún jóná. Mọ̀míì ní, "Ọmọ mi, owó tí mo ti ná sórí ọkọ̀ yìí tó kọ́ yàrá méjì. Ẹ̀bùn ọmọ mi sì ni. Bí mo bá tà á, kí ni mo fẹ́ wí fún ará Ìlawẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé irú ẹrù yìí.

Ìdí tí jíìpù ọlọ́lá fi ń pọ́nni lójú

Ní Amẹ́ríkà, wáráńtì tí Mercedes-Benz, BMW àti Land Rover máa ń fún ọkọ̀ tuntun jẹ́ ọdún 4 tàbí 50,000 máìlì, èyí tí a bá kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Tó bá ti parí, àpò olówó ọkọ̀ ni gbogbo àtúnṣe. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé e sílẹ̀, tí iye rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bó bá fi máa gba Èkó tàbí Kútọnu dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti lè ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé iye ọkọ̀ ló já, iye páàtì rẹ̀ kò já. Jíìpù tí wọ́n ra ní $60,000 nígbà tó wà ní tuntun, tó wá di $8,000, páàtì ọkọ̀ $60,000 ló ṣì máa béèrè.

Dọ́là tún wá fọwọ́ kún un. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti wà ní agbègbè ₦1,500. Páàtì $600 tó jẹ́ ₦276,000 ti di ₦900,000, láìṣe pé ẹnikẹ́ni fi dọ́là kan lé e. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn wa fi ń sáré lọ sí Ládípọ̀ ní Múṣin, tàbí Gate ní Ìbàdàn, láti lọ ra àlòkù. Àlòkù náà ò ní wáráńtì.

Ìbánigbófò kò sì gbani níbẹ̀. Èyí tí òfin fi dandan lé, tó gòkè láti ₦5,000 sí ₦15,000 ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ti ẹni tí ọkọ̀ wa bá ṣe léṣe tàbí tó ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́ ni. Kò ní san kọ́bọ̀ lórí ẹńjìnì tó kọṣẹ́.

Ẹni tó ń tà á ló mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀

Ní ọdún 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, George Akerlof, kọ̀wé nípa ọjà ọkọ̀ àlòkù. Ó ní ẹni tó ń ta ọkọ̀ mọ àléébù rẹ̀, ẹni tó ń rà á kò mọ̀. Nítorí ìfura, oníbàárà kì í fẹ́ san owó gidi, ẹni tó ní ọkọ̀ gidi kì í sì í fẹ́ gbé e wá sọ́jà, ló bá di pé èyí tí kò dára ló ń kún ọjà. Ní 2001, òun àti àwọn méjì mìíràn gba Ẹ̀bùn Nobel lórí irú ẹ̀kọ́ yìí. Gbogbo ẹni tó bá ti ra tòkunbọ̀ rí mọ̀ pé òótọ́ ni.

Omi ti bo òmíràn mọ́lẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìjì Sandy ti 2012 àti Harvey ti 2017 rì ọkọ̀ tó pọ̀ lọ jàra ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń ta irú wọn ní gbàǹjo. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fín lọ́fínńdà sí i, ṣùgbọ́n ìpẹtà á máa jẹ wáyà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà oní-lẹ́tà-àti-fígọ̀ 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní VIN. Nínú ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ń sọ ọdún ọkọ̀: 8 dúró fún 2008, A dúró fún 2010. A lè fi nọ́ńbà yìí wá ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá ó ti ní ìjàǹbá tàbí omi ti bò ó rí.

Ní ti rìsíìtì tí wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí pé owó tí a bá ti gbà kò ṣé dá padà, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà nílẹ̀. Ó fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára tó sì lè ṣe iṣẹ́ tí a rà á fún. Àjọ FCCPC ló ń mójú tó o. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ délé tí àléébù yọ, ẹ má dúró. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti ẹni tó tà á jọ kọ síra yín lórí fóònù, kí ẹ sì fi ẹjọ́ náà hàn án lọ́gán. Bó bá ti pẹ́, tí ọwọ́ púpọ̀ ti bọ inú ọkọ̀, ó máa ṣòro láti fi hàn pé àléébù náà ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ mọ àrùn kí ẹ tó ra oògùn

Ọ̀pọ̀ jíìpù tí wọ́n ní ó ti kú, kò kú. Àìmọ ohun tó ń ṣe é ló ń jẹ owó. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe sí ọkọ̀ Mọ̀míì ni pé mo wọn gíga rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ níbi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ òsì nìkan ló wólẹ̀. Mo po ọṣẹ mọ́ omi nínú ike ìfúnmi, mo fún un sí rọ́bà afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀. Ìfófòó hó jáde ní ibi tí rọ́bà náà ti ká, níbi tó ti là wínníwínní. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsinmi láti fi afẹ́fẹ́ kún ohun tí kò ṣé kún, ló ṣe ń jóná. Ọgọ́rùn-ún kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò lè wo ihò rọ́bà sàn.

Mo bọ́ sí gíà. Rọ́bà róbótó tó dí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà rẹ̀ ti gan, epo gíà ń ro níbẹ̀. Epo ti dín kù, ohun tó fi ń já nìyẹn. Bátìrì náà ti rẹ̀, wáyà tó so ó mọ́ ara ọkọ̀ sì ti pẹtà. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í fẹ́ iná tí kò tó. Bí iná bá ti lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ àyẹ̀wò á ka àrùn ogún tí kò sí níbẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá ń pààrọ̀ páàtì tẹ̀lé ohun tí ẹ̀rọ kà nìkan, owó olówó ló fi ń ṣeré. Pípa iná ẹńjìnì rẹ́ kì í sì í ṣe àtúnṣe. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ máa ń pa á rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀.

Ẹ tún gbọ́ ohùn ẹńjìnì ní àárọ̀ kùtù, nígbà tó tutù pátápátá. Bó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó lè jẹ́ pé ṣéènì inú rẹ̀ ti ń rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọ̀kọ, kí ẹ yà ní Ìtàwúrẹ́ kí ẹ gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Òkè yẹn kì í parọ́. Ọkọ̀ tó ń gbóná, tàbí tí gíà rẹ̀ ń yọ̀, á jẹ́wọ́ níbẹ̀.

Àwọn àrùn kan sì wà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ irú ẹńjìnì kan. M272 tí Mercedes-Benz fi sínú ML350 ìgbà kan ní jíà kékeré kan nínú ikùn, tí eyín rẹ̀ ń tètè jẹ. Ẹńjìnì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ọkọ̀ kí ọwọ́ tó kàn án, wọ́n sì pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà nítorí rẹ̀. Porsche Cayenne onísílíńdà 8 tó kọ́kọ́ jáde ní páìpù omi oníke tó máa ń là. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe é. Bí wọn ò bá tíì ṣe é, gbèsè tó ń bọ̀ ni.

Ìṣirò mẹ́ta lórí ìwé

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, mo ní kí Mọ̀míì mú ìwé. Àkọ́kọ́, èló ni ọkọ̀ náà máa pa lónìí bó ṣe wà, tí a bá sọ gbogbo àléébù rẹ̀? ₦4,500,000. Èkejì, èló ni àtúnṣe tòótọ́? Ká yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ kúrò, ká fi sípíríǹgì sí i, ká tún gíà, bátìrì àti wáyà ṣe: ₦1,150,000. Ká ya ₦900,000 sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ọdún kan: àpapọ̀, ₦2,050,000. Ẹ̀kẹta, èló ni ọkọ̀ mìíràn? Corolla tó lójú, ₦6,500,000. Bí a bá fi owó jíìpù sí i, ó ku ₦2,000,000, àti àtúnṣe tí Corolla náà máa béèrè, nítorí àlòkù lòun náà.

Ìṣirò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tí ọkọ̀ wà fún ló wá máa dájọ́. Jíìpù onísílíńdà 8 lè mu lítà 15 ní 100 kìlómítà, Corolla bíi 8. Bí lítà epo bá jẹ́ ₦1,000, ẹni tó ń lọ Àkúrẹ́ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, tó jẹ́ bíi 100 kìlómítà, á fi ₦7,000 ṣòfò lójúmọ́ lórí jíìpù. Ní ogún ọjọ́ iṣẹ́, ₦140,000 ni. Láàárín ọdún kan, ₦1,680,000. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo máa ní kó tà á. Àmọ́ Mọ̀míì kì í rìn ju ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti Adó lọ.

Bí omi bá ti bo ọkọ̀ rí, tí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ kò péye, tàbí tí ẹńjìnì àti gíà bá jọ ń ṣàìsàn, ẹ má fi ọ̀la rẹ̀ sínú àdúrà, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ̀mí sì ṣe pàtàkì ju owó lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé ìwé dúró lójú ọ̀nà ní agbègbè Èmùré-Èkìtì, wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn lọ kí wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀. Ọkọ̀ tó lè kú sójú ọ̀nà lálẹ́ kì í ṣe ọkọ̀ tí à ń gbé rìnrìn àjò, ẹwà yòówù kó ní.

Mọ̀míì pinnu láti mú un dání. A sì jọ fi ààlà sí i, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: bí ẹńjìnì tàbí gíà bá béèrè ohun tó ju ₦900,000 yẹn lọ kí ọdún tó yí po, wọ́n á tà á, kò ní sí àríyànjiyàn. Mo bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ìfẹ́ ni mo fi ránṣẹ́, kì í ṣe irin." Ọ̀rọ̀ yẹn tú ìyá náà sílẹ̀ ju àtúnṣe tí mo ṣe lọ. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè sọ irú rẹ̀ fún àwọn òbí yín.

Ẹni tó bá sì máa tà, kó sọ àléébù ọkọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ń rà á, kó kọ ọ́ sórí ìwé, kó sì gba owó tó tọ́ sí ọkọ̀ tó ní àléébù. Adó kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Jíìpù tí wọ́n kùn lọ́dà tuntun tí wọ́n sì fi tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ọ̀dọ̀ mi kan náà ni wọ́n tún máa ń wọ́ ọ wá, pẹ̀lú ẹlòmíràn tó ń fi omijé bi mí ní ìbéèrè yẹn kan náà. Bí a bá fẹ́ kí ọjà ọkọ̀ àlòkù sàn fún wa, ẹnu ẹni tó ń tà ló ti máa bẹ̀rẹ̀.