Python àti C: Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Àlàyé fún àwọn òbí ní Samaru

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Samaru ló ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà báyìí. Ọ̀kan á ní Python lòun ń kọ́, èkejì á ní C. Àwọn òbí á wá máa bi wá pé: èwo ló dáa jù?

Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Haúsá, kò gbọ́ òyìnbó pàápàá. 0 àti 1 nìkan ló yé e. Ohun yòówù kí ọmọ yín kọ, a gbọ́dọ̀ tú u sí èdè ẹ̀rọ. Ọ̀nà méjì ló wà, àwa tá à ń gbé ilẹ̀ Haúsá sì mọ méjèèjì.

Èkíní dà bíi Bíbélì Haúsá. Walter Miller, tó gbé Zaria fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn tó tú u. Odindi rẹ̀ jáde ní 1932. Ẹni tó bá fẹ́ kà á lónìí ò nílò Miller mọ́. Bí C ṣe rí nìyẹn, èyí tí Dennis Ritchie ṣe ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972. Compiler á tú gbogbo rẹ̀ tán kó tó ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yá. Àmọ́ èyí tí wọ́n tú fún Windows ò ní ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android, bí Bíbélì Haúsá ò ṣe wúlò fún ẹni tó gbọ́ Nupe nìkan.

Èkejì dà bí ògbufọ̀ níwájú Mai Anguwa: ẹ sọ gbólóhùn kan, ó tú u lójú ẹsẹ̀. Python nìyẹn, tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991. Ó rọrùn láti tún ṣe, ṣùgbọ́n kì í yá tó C. Bí orúkọ kan bá ṣì ní ìlà 50, ìlà 49 á ti ṣiṣẹ́ kí àṣìṣe náà tó hàn.

Java, tó jáde ní 1995, pa méjèèjì pọ̀ ni.

Nítorí náà, kò sí èyí tó burú. Python rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. C dáa níbi tá a ti nílò eré.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọmọ kan ṣe ètò owó oṣù fún yín lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kàn yín o. Ẹ gba source code, ìyẹn ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Tó bá jẹ́ èyí tí compiler ti tú nìkan ló kó fún yín, tó wá lọ ṣe àgùnbánirọ̀, agbára káká lẹ máa fi rí ẹni tó lè tún un ṣe.