Yíyọ Eyín ní Ilé Ìwòsàn

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò wá sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ àtúnṣe alùpùpù ni ó ń ṣe lójú ọ̀nà Kpalimé, ní Sanguéra wa níhìn-ín. Nígbà tí ó padà dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú díẹ̀. Ó ní eyín ni. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí eyín náà ti ń dun òun. Ó ti fi ọtí fọ ẹnu, ó ti ki oríṣiríṣi oògùn bọ inú ihò eyín náà. Ìgbà tí kò lè gbé itọ́ mì mọ́ ni àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. A bi í pé kí ló dé tí kò tètè lọ. Ó dáhùn pé, "Tíṣà, ẹ̀rù ló bà mí. N kò mọ ohun tí wọn yóò fi mí ṣe."

Nítorí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí yóò bá pàdé, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀.

Kí ni ó ń ba eyín jẹ́?

Àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ pé ní eyín 32. Ọmọdé ní 20. Àwọn àgbà máa ń sọ pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò tí a lè fi èéfín lé jáde. Àwọn kòkòrò yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Ẹnu gbogbo wa ni wọ́n ń gbé. Bí a bá jẹ ṣúgà tàbí ohun dídùn mìíràn, àwọn náà yóò jẹ nínú rẹ̀, wọn yóò sì sọ ọ́ di omi kíkan. Omi kíkan yìí ni ó ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dá ihò sí i.

Bí ihò náà bá ṣì kéré, dókítà eyín lè dí i láì yọ eyín rárá. Bí ó bá jinlẹ̀, ìrora yóò bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ọyún lè gbá jọ sí ìdí eyín. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Kí a tó yọ eyín

Ní Lomé, ẹ̀ka tí ó ń tọ́jú ẹnu àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà ní CHU Sylvanus Olympio, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí CHU Tokoin. Stomatologie ni wọ́n ń pe irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní èdè Faransé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé yín, kí ẹ lè dá a mọ̀ bí ẹ bá rí i lára pátákó.

Dókítà yóò kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè. Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́. Ẹ sọ fún un bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn. Bí ẹ̀jẹ̀ kì í bá tètè dá lára yín. Bí oògùn kan bá ti ṣe yín ní jàǹbá rí. Tàbí bí ẹ bá lóyún. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání. Ó lè ya fọ́tò tí ń fi inú egungun hàn, èyí tí a ń pè ní radio. Ẹ béèrè iye owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a bá ń yọ ọ́

Dókítà yóò gún abẹ́rẹ́ sí ẹran ìdí eyín. Yóò ta yín díẹ̀. Láìpẹ́, ibẹ̀ yóò kú, ètè yóò sì dà bí ẹni pé ó wú. Lẹ́yìn èyí ni yóò mi eyín náà síwá sẹ́yìn títí yóò fi tú. Ẹ ó mọ̀ pé a ń tì í, ẹ sì lè gbọ́ ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó dùn yín. Bí ó bá dùn yín, ẹ gbé ọwọ́ sókè. Dókítà lè fi abẹ́rẹ́ kún un.

Ní ayé àtijọ́, ńṣe ni wọ́n ń di ènìyàn mú kí wọ́n tó fa eyín rẹ̀ yọ. Ní ọdún 1846, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, dókítà eyín kan tí ń jẹ́ William Morton fi hàn ní gbangba pé oògùn ether lè mú kí ènìyàn sùn láì mọ ìrora. Ní ọdún 1943, Nils Löfgren ti ilẹ̀ Sweden ṣe oògùn lidocaine, èyí tí àwọn dókítà eyín ṣì ń lò lónìí láti pa ojú ibi tí eyín wà nìkan.

Nígbà mìíràn, eyín kì í jáde dáadáa. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí eyín ìkẹyìn, tí ó máa ń hù láàárín ọdún 17 sí 25. Ó lè dùbúlẹ̀ sínú egungun. Nígbà náà, dókítà yóò la ẹran ìdí eyín, yóò gé eyín náà sí wẹ́wẹ́ bí ó bá yẹ, yóò yọ ọ́, yóò sì rán ojú ibẹ̀. Òwú mìíràn máa ń yọ́ fúnra rẹ̀; a óò padà lọ tú òmíràn.

Nígbà tí ẹ bá dé ilé

1. Ẹ gé eyín mọ́ aṣọ ìdiegbò tí wọ́n fi sí yín lẹ́nu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
2. Ẹ má jẹun títí ètè yóò fi jí, kí ẹ má baà gé ahọ́n yín jẹ.
3. Ẹ má fọ ẹnu, ẹ má sì máa tutọ́ ní ọjọ́ kìíní. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú ihò náà ni ó ń bo egungun. Bí ó bá bọ́ kúrò, ìrora ńlá lè dé.
4. Ẹ má mu ọtí, ẹ má mu sìgá. Oúnjẹ rírọ̀ tí kò gbóná ni kí ẹ jẹ, bí ẹ̀kọ tútù.
5. Láti ọjọ́ kejì, ẹ da ìlàjì ṣíbí kékeré iyọ̀ sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ máa fi ṣan ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ.
6. Ẹ má lo aspirin fún ìrora bí dókítà kò bá fún yín. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.
7. Ẹ ka ìwé oògùn yín. Bí a bá kọ "3 fois par jour," ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni. Ẹ lo oògùn ọyún tán, bí ara bá tilẹ̀ ti yá.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wú fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Èyí kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ń jáde, ẹ jókòó, kí ẹ gé eyín mọ́ aṣọ mímọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí kò bá dá, ẹ padà lọ. Ẹ padà lọ pẹ̀lú bí ìrora bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta tàbí bí ibà bá dé.

Ewu tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la

Bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú tí ó sì le, bí ahọ́n bá ń gòkè, bí ẹnu kò bá ṣe é là, bí itọ́ kò bá ṣe é gbé mì tàbí bí èémí bá ń há, ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru. Ọyún eyín ti ń ràn lọ sí ọ̀fun nìyẹn. Ó lè dí ọ̀nà èémí, kí ó sì pa ènìyàn.

Bí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí fún ọmọ kíláàsì wa nìyẹn. Wọ́n la abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ọyún jáde, wọ́n sì yọ eyín náà. Ó sọ fún wa pé ìrora oṣù mẹ́ta yẹn le ju yíyọ eyín lọ. Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti tún alùpùpù ṣe, ó máa ń bi í pé, "Ẹ ti lọ wò ó?"

Ìbéèrè

1. Eyín mélòó ni àgbàlagbà ní?
2. Kí ni ó yẹ kí a sọ fún dókítà kí ó tó yọ eyín?
3. Kí ló dé tí a kò gbọdọ̀ fọ ẹnu ní ọjọ́ kìíní?
4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ó fi hàn pé ewu ti dé.
5. Ta ni ẹ mọ̀ tí eyín ń dùn ní ilé yín? Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí fún un.