Ohun tí Àyẹ̀wò Awọ Inú Ilé Ọmọ Ń Fi Hàn Nígbà tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Ń Dà Lọ́nà Àìtọ́

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lọ́nà àìtọ́, tí wọ́n sì ń fi ìtìjú pa á mọ́ra. Bí nǹkan oṣù bá ń kọjá ọjọ́ 8, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ó yẹ kí a rí dókítà. Ní ti ìyá tí kò rí nǹkan oṣù fún oṣù 12 nítorí ọjọ́ orí, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn tí dókítà bá ti rí i dájú pé kò sí oyún, ó lè ní kí a mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ, pàápàá lára ẹni tó ti pé ọdún 45, tàbí ẹni tó sanra jù. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń gba ẹnu ilé ọmọ ti wọlé. Inú lè run díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Onímọ̀ nípa àrùn yóò wá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò.

Èsì náà lè fi hàn pé awọ náà wà bó ti yẹ. Ó lè jẹ́ èèhù kékeré tí kì í sábà ṣe jẹjẹrẹ, tàbí àrùn bí ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó lè wọ ilé ọmọ, tó sì lè fa àìrọ́mọbí. Nígbà mìíràn, ńṣe ni awọ náà nípọn jù. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò bá tí ì yí padà, oògùn hòmóònù sábà máa ń tún un ṣe, díẹ̀ ló sì ń di jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá ti yí padà, jẹjẹrẹ lè ti fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi sábà ń dámọ̀ràn yíyọ ilé ọmọ. Bí ó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ gan-an, èyí tí a tètè rí ṣeé wò sàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé inú iṣan ilé ọmọ ni ìju, ìyẹn fáíbírọ́ìdì, sábà máa ń wà. Nítorí náà, èsì tó dára kò túmọ̀ sí pé kò sí ìju. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dáwọ́ dúró, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

A rọ ẹ̀yin ìyá àti ọmọbìnrin wa pé kí ẹ má ṣe fi àgbo bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ má sì ṣe ṣàyẹ̀wò tán kí ẹ fi èsì sílẹ̀ láìgbà. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.