Akọ ẹnu ihò: ìdí tí zebra pleco fi ṣì wọ́n bí ojú

Irú ìròyìn yìí kì í pẹ́ kó tó tún jáde láti Brazil: àwọn agbófinró tú àpótí arìnrìn-àjò, wọ́n bá ọ̀rá omi tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ kún níbẹ̀, ẹja kéékèèké abilà dúdú àti funfun sì wà nínú wọn, tí wọ́n ń kó lọ sí ẹnu ibodè Colombia. Zebra pleco ni. Àgbà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka àárín ọwọ́ lọ. Ohun tó ń rú àwọn òǹkàwé lójú ni pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń mú un bímọ nínú àpótí gíláàsì ní Jámánì, Indonesia àti láwọn ilẹ̀ mìíràn. Bí ẹja bá ti ń bímọ nínú yàrá èèyàn, kí ni onífàyàwọ́ tún ń wá lódò?

Odò Xingu ní ìpínlẹ̀ Pará nìkan ni Ọlọ́run fi í sí, níbi tí odò náà ti yí bìrí nísàlẹ̀ ìlú Altamira, tí wọ́n ń pè ní Volta Grande. Ọdún 1991 ni àwọn onímọ̀ méjì, Isbrücker àti Nijssen, sọ ọ́ lórúkọ Hypancistrus zebra. Ṣáájú ìgbà yẹn, irú ẹja bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ lórúkọ ti ń ya wọ ọjà, ni ìwé ìròyìn DATZ ti Jámánì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní nọ́ńbà lọ́dún 1988. L046 ló bọ́ sọ́wọ́ eléyìí, àwọn ọlọ́jà kan kò sì pè é ní nǹkan mìíràn títí dòní. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní Brazil jáde lọ́nà tó bófin mu. Ọdún 2004 ni ìjọba ibẹ̀ fòfin de kíkó o lọ sókè òkun.

Ìbátan ẹja àrọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń mú àrọ̀ bímọ nílẹ̀ wa kò gbọdọ̀ fi ojú yẹn wò ó. Ti àrọ̀, wọ́n á gún abo lábẹ́rẹ́, tó bá tó àsìkò wọ́n á fún ikùn rẹ̀ sínú abọ́, ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún á sì dà jáde; wọ́n á la akọ nínú, wọ́n á mú àtọ̀ rẹ̀ pò mọ́ ọn. Kí ọjọ́ méjì tó pé, ọmọ ti ń jà pìtìpìtì nínú omi.

Ti zebra pleco, ọwọ́ akọ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ihò tóóró ló ń wá, èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí tí ìdí rẹ̀ sì dí. Nínú odò, pàlàpálá àpáta ni. Nínú gíláàsì, àwọn tó ń sìn ín á fi amọ̀ mọ ọ́n fún un, wọ́n á sì rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, torí bí ihò bá gbòòrò, abo á wọlé, á sì tún yọ́ jáde. Akọ ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lára lẹbẹ àyà. Bí abo bá ti wọlé, á fi ara dí ẹnu ihò pa, á sì há a mọ́bẹ̀ títí yóò fi yé. Ó lè ju ọjọ́ kan lọ. Ẹyin náà kì í sábà ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Wọ́n tóbi, wọ́n pupa rúsúrúsú, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn gbagidi. Bí abo bá ti yé tán, ó ti bá tirẹ̀ lọ nìyẹn.

Bàbá ló kù. Á dúró ti ẹyin náà tọ̀sán-tòru, á máa ju lẹbẹ kí omi tuntun lè máa kọjá lára wọn, nítorí ẹyin tí omi kò bá ṣàn kọjá lára rẹ̀ á bu. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á pa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò tíì mọ oúnjẹ í wá. Inú àpò oúnjẹ tí wọ́n gbé sábẹ́ ikùn ni wọ́n á ti máa jẹ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, lẹ́yìn bàbá wọn, kí wọ́n tó yọjú síta. Akọ tí kò tíì mọ iṣẹ́ tiẹ̀ lè jẹ ẹyin náà tàbí kó tì wọ́n síta. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí àwọn tó yè bímọ tiwọn á ní sùúrù ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Lórí ìṣirò yìí, akọ mẹ́wàá kò lè fi ọdún kan pa iye ọmọ tí àrọ̀ kan ṣoṣo lè yé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ibi tí ọ̀wọ́n ti wá nìyẹn, ọ̀wọ́n náà ló sì ń bọ́ fàyàwọ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ tún ń ṣì gbọ́ ni ti òfin. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, níbi ìpàdé CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko inú ìgbẹ́, ní Panama, wọ́n ti ilẹ̀kùn òwò káríayé mọ́ zebra pleco tí wọ́n bá mú lódò, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n bá sìn. Àwọn kan rò pé kí ẹyin ṣáà ti pa nínú gíláàsì, ó ti di ẹja ọ̀sìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. CITES ń béèrè ibi tí òbí ti wá: àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rí lọ́nà tó bófin mu, ọlọ́sìn sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀nà tóun ń gbà sìn ín lè mú ọmọ-ọmọ jáde, kì í ṣe ọmọ nìkan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú lásán kò lè fìyàtọ̀ sáàárín ti ọ̀sìn àti ti odò. Ìwé ló ń jẹ́rìí fún wọn, ìwé sì ṣeé yí.

Kò sí àní-àní pé àwọn tó ń sìn ín ṣe bẹbẹ: bí ti odò bá tilẹ̀ tán, irú rẹ̀ kò ní parẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n omi Volta Grande kò sí lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà tí ìsédò Belo Monte ti bẹ̀rẹ̀ sí í múná wá lọ́dún 2016, èyí tó pọ̀ jù nínú omi tó yẹ kó gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n ń darí sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, tí agbára wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 11,233. Omi tó ń sáré gba àárín àpáta, tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀, ni ẹja yìí mọ̀. Ní Altamira gan-an, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Pará ní yàrá ìwádìí tí wọ́n ti ń sin ẹja Xingu. Ó jọ pé àǹfààní tó súnmọ́ jù níbẹ̀ ni ti àwọn apẹja ìlú náà, bí ìjọba bá lè jẹ́ kí wọ́n máa sìn ín kí wọ́n sì máa tà á ní gbangba. Ti dídá ọmọ padà sódò ṣòro láti fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, nígbà tí IBAMA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Brazil, àti ilé iṣẹ́ Norte Energia tó ni ìsédò náà ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́ lórí iye omi tó yẹ kí wọ́n máa jọ̀wọ́ fún Volta Grande lóṣooṣù.