Ọkọ̀ Tó Ní Kí Yìnyín Gbé Òun Lọ

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà Èkó, tàbí ní àwọn ọ̀nà omi Ìlàjẹ, mọ èpò tó máa ń léfòó bo ojú omi. Tó bá ti pọ̀ jù, ọkọ̀ tó kó sínú rẹ̀ kò ní lè lọ síwájú, kò sì ní lè padà sẹ́yìn. Ibi tí ìṣàn omi bá ń gbé èpò lọ ni yóò máa bá a lọ. Lójú awakọ̀ wa, ìyọnu gbáà ni. Àmọ́ ní òkun Arctic, ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ọ́mọ̀ wa ọkọ̀ ńlá kan wọ irú ìhámọ́ bẹ́ẹ̀, àárín yìnyín ni tiwọn, wọ́n sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Polarstern ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ilé ìwádìí Alfred Wegener Institute ti ilẹ̀ Jámánì ló ń lò ó. Ọdún 1982 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 118, Bremerhaven sì ni èbúté rẹ̀. Ọkọ̀ afọ́yìnyín ni, ṣùgbọ́n kì í gún yìnyín. Imú rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ kí ó lè gun orí yìnyín, kí ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Yìnyín tó nípọn tó mítà kan ààbọ̀, á máa fọ́ ọ lọ láìdúró. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fà sẹ́yìn, á sì tún fi agbára padà wá kọ lù ú.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ọkọ̀ alágbára yìí ṣe tí òkìkí rẹ̀ fi kàn jù, ìgbà tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ló ṣe é. Ní ọjọ́ 20 oṣù September 2019, ó kúrò ní Tromsø ní Norway fún ìrìn àjò tí wọ́n pè ní MOSAiC, tí Markus Rex ṣe olórí rẹ̀, tí àwọn èèyàn láti orílẹ̀-èdè 20 sì dá sí. Ní ọjọ́ 4 oṣù October, wọ́n rí pẹpẹ yìnyín tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n so ọkọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa gbé wọn lọ.

Èrò yìí ti wà tipẹ́. Ní 1881, yìnyín fọ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, Jeannette, ní àríwá Siberia. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn rí ẹrù inú rẹ̀ ní etíkun Greenland, ní òdìkejì òkun. Fridtjof Nansen, ará Norway, gbọ́ ìròyìn náà, ó sì ronú jinlẹ̀: ta ló gbé ẹrù náà débẹ̀, bí kì í bá ṣe yìnyín tó ń rìn? Ó ní kí wọ́n kan ọkọ̀ onígi kan fún òun, Fram, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ rí roboto, kí yìnyín má lè rí i fún pa. Bó bá fún un, òkè ni ọkọ̀ á yọ sí. Ní 1893 ó wa Fram wọ inú yìnyín, ọkọ̀ náà sì jáde láyọ̀ ní 1896.

Kí ló dé tí àwọn ti MOSAiC tún fi tọ ipa ọ̀nà yẹn? Àárín gbùngbùn Arctic kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé dé nígbà òtútù, nítorí yìnyín ìgbà náà le ju agbára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílé kí ilẹ̀kùn tó tì. Ọ̀rọ̀ náà sì kan gbogbo ayé. Yìnyín funfun máa ń dá ìtànṣán oòrùn padà. Omi dúdú tó bá ṣí sílẹ̀ á gbé e mì. Ìwádìí tó jáde ní 2022 fi hàn pé láti 1979, Arctic ti ń móoru ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju ìwọ̀n ti ayé lápapọ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí kò lè ṣe é dáadáa bí kò bá sí nọ́ńbà láti ibi tí àyípadà ti yára jù.

Ẹni tó fẹ́ bá wọn lọ ní láti kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń dóòlà ẹ̀mí ara ẹni nínú omi tútù, àti bí a ṣe ń ṣọ́ béárì funfun. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá rìn lórí yìnyín. Ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Nígbà òtútù, oòrùn kì í yọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, òtútù sì máa ń tó dígírì 40 sísàlẹ̀ òdo nígbà mìíràn. Iná orí fìlà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Lójoojúmọ́, wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ helium kún bàlúùnù ńlá, wọ́n ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn, wọ́n sì ń jù ú sókè kí ó lọ wọn òtútù àti ìjì ojú ọ̀run.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ kan ní àwòfín. Ẹni tó fẹ́ mọ inú yìnyín á gbé irin tí inú rẹ̀ ṣófo, á fi lu ihò láti òkè títí dé omi. Bó bá fà á yọ, ọ̀pá yìnyín gbọọrọ á bá a jáde. Kíá ló gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ òkè ti ń yí ìwọ̀n òtútù rẹ̀ padà. Á lu ihò wínníwínní sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, á ki òṣùwọ̀n ooru bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kejì rẹ̀ á sì máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn á fi ayùn rẹ́ ẹ sí ègé ègé, wọn á kó o sínú ọ̀rá, wọn á jẹ́ kí ó yọ́ nínú ọkọ̀, wọn á sì wọn iyọ̀ rẹ̀. Nígbà tí omi òkun bá ń dì, ó máa ń ti iyọ̀ jáde, omi oníyọ̀ yẹn á sì wá ọ̀nà tóóró gbà sọ̀kalẹ̀ láàárín yìnyín. Nígbà tí oòrùn bá ti padà, ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ohun alààyè wẹ́wẹ́ tó ń jẹun láti ara ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, òun náà sì ni oúnjẹ ẹran omi kéékèèké, tí ẹja ń fi ṣe oúnjẹ tiwọn.

Pẹpẹ yìnyín kì í ṣe ilẹ̀. Ní November 2019, ìjì là á, àwọn òṣìṣẹ́ sì tún wáyà àti àwọn ẹ̀rọ tò. Ní 2020, àrùn kòrónà dí ọ̀nà àwọn tó yẹ kó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, débi pé ọkọ̀ ní láti kúrò lórí yìnyín rẹ̀ fúngbà díẹ̀ láti lọ pàdé wọn nítòsí Svalbard. Ó padà síbẹ̀. Nígbà tó máa fi di òpin July, pẹpẹ náà fọ́ pátápátá. Ní ọjọ́ 12 oṣù October 2020, Polarstern gúnlẹ̀ sí Bremerhaven. Sùúrù ni baba ìwà. Nínú iṣẹ́ yìí, òun náà ni baba ìmọ̀.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé nínú òtútù nìkan ni. Lóòótọ́, yìnyín tó ti ń léfòó lórí omi kò fi bẹ́ẹ̀ ń mú kí òkun ga bó bá yọ́. Ti orí ilẹ̀ Greenland àti Antarctica wà lára ohun tó ń mú un ga. Òkun tó ń ga sí i yìí ló tún kan ilẹ̀kùn wa ní Ayétòrò ní Ìlàjẹ, níbi tí omi ti gba ilé lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Polarstern kan náà máa ń gba òkun Atlantic kọjá láti Bremerhaven lọ sí Cape Town kó tó forí lé Antarctica, wọ́n sì ti lo irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà ní bí a ṣe ń wọn òkun. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tó ń ka ẹ̀kọ́ nípa òkun àti ojú ọjọ́ máa wá irú àǹfààní yẹn kiri. Ó sì yẹ kí ìjọba wa náwó sí wíwọn etíkun tiwa bákan náà, lọ́sàn-án, lóru, ní ọdún dé ọdún, nítorí omi tí a kò bá dúró tì, a kò lè mọ ìgbà tí yóò dìde sí wa.